Bach lórí píánò: ká tẹ pẹ́dà ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Bach, ará Jámánì tó ń kọ orin sílẹ̀, parí ìwé kìíní Well-Tempered Clavier, àkójọ prelude àti fugue rẹ̀, ní 1722. Harpsichord àti clavichord ìgbà náà, tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ bíi píánò, kò ní pẹ́dà tó ń mú ohùn pẹ́, Bach náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ibi tí a ó ti tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kíkankíkan. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ píánò ló kù sí.

Láìsí pẹ́dà, ohùn kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ìlà orin kọ̀ọ̀kan) á dá yàtọ̀. Nínú fugue C minor inú ìwé náà, ohùn mẹ́ta ló ń lé ara wọn: ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ orin kan, àwọn yòókù á wá gbà á ní tẹ̀léra, ohun tí fugue jẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀kan bá gbé orin náà wọlé, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wúwo díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, etí á gbá a mú. Àmọ́ ìka ló ń ṣe gbogbo làálàá: èyí kò gbọdọ̀ gbéra kí èyí tó kàn tó balẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orin á já.

Pẹ́dà ń jẹ́ kí ọwọ́ sinmi. Prelude (orin ìṣáájú) C major gbà á dáadáa, torí kọ́ọ̀dù kan (àwọn ohùn tó bára wọn lọ) ló sábà ń wà nínú báà kan (ìpín kékeré kan nínú orin). Bí kọ́ọ̀dù bá yí padà, ẹ gbẹ́sẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbàgbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, ó di rúdurùdu. (Ó tún ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, mo fura pé ìyẹn ló jẹ́ ká fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.)

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ohùn ń dún padà, ìka nìkan ló dáa jù. Nínú yàrá tí kápẹ́ẹ̀tì ti gbé ohùn mì, pẹ́dà fẹ́ẹ́rẹ́ ń ranni lọ́wọ́. Ọwọ́ kékeré tó dojú kọ fugue C-sharp minor olóhùn márùn-ún náà á nílò rẹ̀.