Ìgò rótífà tó kú: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹja òkun kan ní Sùúrùlérè

Ìgò rótífà kan, ìyẹn ohun abẹ̀mí inú omi tó kéré gan-an tí ọmọ ẹja ń jẹ, ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá ń sin clownfish (ẹja òkun kékeré aláwọ̀ ọsàn onílà funfun) nílé mọ̀ pé ẹyin kọ́ ni ìṣòro. Abo á yé e sára ìkòkò amọ̀, akọ á máa fi lẹbẹ fẹ́ ẹ, á máa fi ẹnu ṣa èyí tó bàjẹ́ dànù. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin á pa lóru, nínú òkùnkùn. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu ọmọ náà kéré gan-an. Bí rótífà ò bá sí nílẹ̀, ebi ló máa pa wọ́n.

Mo rí i tí ojú àwọn ọmọ ti ń dán nínú ẹyin, mo mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Mo ti sanwó rótífà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tipẹ́, mo sì ti sọ fún ọmọbìnrin tó wà ní kaǹtà pé ọ̀sán ni mo fẹ́ ẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀sán pé, mo pè é. "Ó ti wà lọ́nà, mà." Ọjọ́ rọ̀, ó ṣì wà lọ́nà, Eko Bridge ló dí. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọlọ́kadà tó gbé e dé. Wọ́n dé ìgò náà pinpin, inú àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà ló sì gbà wá nínú ooru Èkó. Mo ṣí i, òórùn burúkú pàdé mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo fi awò wò ó, kò sí ohun kan tó mira.

Mo pè é padà. "Ẹ mì ín díẹ̀, mà, wọ́n ń sùn ni." Nínú omi tó ti ń rùn! Ó ní bí wọn ò bá jí, kí n po pupa ẹyin adìẹ mọ́mi fún àwọn ọmọ. Ohun tó máa ba omi jẹ́ kílẹ̀ tó mọ́ nìyẹn. Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá, ọ̀gá ti lọ sílé. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. "Nǹkan abẹ̀mí ni, mà, a kì í dá owó ẹ̀ padà." Mo pariwo, mi ò purọ́.

Kò pẹ́ ni bọ̀ọ̀dá tó ń tọ́jú tánkì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pè mí. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé wọn ò tíì pa? Ẹ má pa iná orí tánkì o, òkùnkùn ni wọ́n ń retí. Mò ń bọ̀." Kò tíì dé tí NEPA fi mú iná, mo bá gbé àtùpà oníbátìrì lé orí tánkì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbé wá, páǹpù kékeré oníbátìrì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, rótífà kún inú omi náà bámú, ó tutù yọ̀yọ̀ nítorí ewé omi tí wọ́n ń jẹ. Ó wọn ooru omi mi, 27°C. Ó wọn iyọ̀ inú omi, 1.025, bíi ti omi òkun. Kó tó da ohunkóhun sí i nìyẹn. Kò gba kọ́bọ̀. Láàárọ̀ ó tún pè: "Ẹ wò wọ́n dáadáa, mà, ṣé wọ́n ń ká ara wọn kò bíi S kí wọ́n tó ta mọ́ oúnjẹ?" Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Èmi fúnra mi ti gbọ́ nígbà tí bọ̀ọ̀dá yìí ò jẹ́ kí oníbàárà kan kó ẹṣin òkun sínú tánkì clownfish, nígbà tí ọmọ kaǹtà ti fẹ́ gbowó. Ó ní ẹṣin òkun kò ní ikùn tí oúnjẹ máa dúró sí, lemọ́lemọ́ ló ń jẹun, jẹ́jẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́. Clownfish á ti gbé oúnjẹ náà mì kó tó débẹ̀. Omi tirẹ̀ tún gbọ́dọ̀ tutù sí i, bíi 22 sí 24°C, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Wọ́n tún fi ìwé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko tó nílò ààbò) han oníbàárà náà, torí láti 2004 ni wọ́n ti ń fi ìwé àṣẹ ṣọ́ títa ẹṣin òkun láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Máàkì: 2 nínú 5. Bọ̀ọ̀dá yẹn nìkan ì bá gba 5, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́ ńkọ́? Kí wọ́n máa kọ wákàtí tí wọ́n bu rótífà sára ìgò, kí wọ́n má dé e pinpin, kí wọ́n sì kọ́ ọmọ kaǹtà níṣẹ́. Àwọn ọmọ mi ti ń yọ ìlà funfun. Mo ti sanwó iyọ̀ tánkì mi ti oṣù tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wọn.