Pọ́ǹpù ọmú mẹ́rin tó wà lọ́jà Ìlọrin: èwo ló tó bọ́ ìkókó tí kò gba ọmú lẹ́nu?

Oríṣi pọ́ǹpù ọmú mẹ́rin ni ìyá ìkókó lè bá pàdé bó bá wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù nǹkan ọmọ àti ilé oògùn láti Post Office dé Táíwò àti Tanke. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà lẹ́yìn bí fèrè kẹ̀kẹ́. Èkejì ni èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀, ẹ̀kẹta ni oníná tó ń fa ọmú méjèèjì pọ̀, ẹ̀kẹrin ni èyí tí a ń kì sínú kọ́mú. Ọ̀kan nínú wọn kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà. Méjì wúlò fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú, tó kàn fẹ́ fún díẹ̀ pa mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló lè ru ẹrù ìyá tí gbogbo omi ọmú rẹ̀ yóò máa gba inú ẹ̀rọ kọjá kó tó dé ẹnu ọmọ, tọ̀sán tòru, fún oṣù 6.

Ká tó dé orí owó: bí ọmọ bá ń gba ọmú lẹ́nu dáadáa, tí à ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, tó sì ń tọ̀ tó ìgbà 6 lóòjọ́ láti ọjọ́ karùn-ún lọ, pọ́ǹpù olówó ńlá kò pọn dandan. Ẹnu ọmọ mọ ọmú fà ju ẹ̀rọ lọ. Kò gba fífọ̀, kò gba síse, NEPA kò sì lè mú un lọ. Àwọn tí pọ́ǹpù wà fún gan-an ni ìyá tí a bí ọmọ rẹ̀ láìpé oṣù, tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ìyá ọmọ tí ètè tàbí àjà ẹnu rẹ̀ là, ìyá tí ọmọ kọ ọmú lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì ti bá a gbìyànjú títí, àti ìyá tí iṣẹ́ ń pè padà.

Ẹ jẹ́ ká yọ olóbọ́ọ̀lù kúrò lọ́nà ná. Ọwọ́ tó ń tẹ bọ́ọ̀lù náà kò lè díwọ̀n agbára tó fi ń fà, ìyẹn ló fi máa ń bó orí ọmú. Èyí tó tún burú jù ni pé omi ọmú máa ń sá padà wọ inú bọ́ọ̀lù, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ibẹ̀. Ohun tó bá kù síbẹ̀ yóò kan, yóò bu, gbogbo omi ọmú tuntun tó bá kan án ni yóò sì kó o dé ẹnu ọmọ. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fọ̀ mọ́ àti ife kan sàn jù ú lọ.

Èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ dára níwọ̀n tirẹ̀. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀: àrọ tó ń gbé lé ọmú, rọ́bà pẹlẹbẹ abẹ́ ọwọ́ ìtẹ̀, ọwọ́ ìtẹ̀ fúnra rẹ̀, rọ́bà ẹnu pẹ́pẹ́yẹ àti ìgò. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ní ṣókí ṣókí, títí omi yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, kó jinlẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọmú kan ló ń fà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmú kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 15 sí 20, tí a sì ń fà á lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́, wákàtí 4 sí 5 ó lé díẹ̀ ni ọwọ́ yóò fi máa tẹ̀. Ọrùn ọwọ́ kò ní gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ kí ó wà nílé bí igbákejì oníná, nítorí ọjọ́ tí bátìrì bá kú láàárín òru, òun ni yóò yọni.

Oníná tó ń fa ọmú méjèèjì pọ̀ ni a fọwọ́ sí fún ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni yóò fi parí méjèèjì. Ṣùgbọ́n oníná ju oníná lọ. Àkọ́kọ́, ẹ wo ibi tí ọ̀pá rọ́bà ti wọ ara àrọ: ó yẹ kí rọ́bà kan tó rí bí ife kékeré wà níbẹ̀ tó dí ọ̀nà, kí omi ọmú má lè gba inú ọ̀pá dé ẹ́ńjìnnì. Èyí tí kò bá ní in, omi yóò máa wọ ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tú u fọ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra tòkunbọ̀ irú èyí, bó ti wù kí òde rẹ̀ máa dán tó.

Àrọ ni ohun kejì tí ẹ máa wò. Ìwọ̀n mìlímítà 24 tàbí 28 ló sábà máa ń wà nínú páálí, bẹ́ẹ̀ orí ọmú obìnrin kò dọ́gba. Ẹ fi rúlà wọn ìbú orí ọmú nìkan, láìka ibi dúdú tó yí i ká, ní mìlímítà, kí ẹ fi 0 sí 3 kún un. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 16, àrọ 16 sí 19 ló bá a mu. 28 yóò máa fa ibi dúdú wọlé, ọmú yóò wú, omi kò sì ní jáde tán. Bí àrọ bá kéré jù, orí ọmú yóò máa ha á lára, yóò funfun, yóò máa ta. Kò di dandan kí ẹ ra pọ́ǹpù mìíràn. Rọ́bà rírọ̀ kan wà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ tí a ń kì sínú àrọ ńlá láti dín ìbú rẹ̀ kù.

Rọ́bà ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ni ẹ̀kẹta, òun sì ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Òun ni rọ́bà kékeré abẹ́ àrọ tí ẹnu rẹ̀ pa dé bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, tó ń ṣí fún omi láti jábọ́ sínú ìgò, tó sì ń pa dé kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Bó bá ti rọ̀ jù tàbí tó ya díẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò ṣì máa dún bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fa nǹkan kan mọ́. Ìyá tó ń rí 90 ml láàárọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí 50, ọmú á sì ṣì wúwo lẹ́yìn tó bá parí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé omi ti gbẹ, tí agolo mílíìkì yóò sì wọlé. Kí a tó dá ọmú lẹ́bi, kí a gbé rọ́bà yìí sókè sí ìmọ́lẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹnu rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ti kú. Ẹni tó ń fi pọ́ǹpù nìkan bọ́ ọmọ yóò pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ẹ má ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ohun tó ń ya á nìyẹn.

Nípa iná: ẹ ra èyí tó ní bátìrì nínú, tó sì ń gba okùn ṣájà fóònù, kí páwá báǹkì tàbí sólà kékeré lè ṣájì rẹ̀. Èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi kí a kì í bọ ògiri kò wúlò fún ilé tí iná ń wá bó ṣe wù ú.

Bí a ṣe ń lò ó: ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ọmú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe omi gbígbóná tí àwọn ìyá àgbà fi ń jó ìyá ìkókó o. Ìyẹn ń bó ara ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí fífà kíákíá tí kò le, nǹkan bí ìṣẹ́jú 2, títí omi yóò fi tú. Kí ẹ wá yí i sí fífà tó falẹ̀ tó jinlẹ̀. Ẹ máa fi agbára kún un títí yóò fi fẹ́ máa dunni, kí ẹ dín in kù ní ẹsẹ̀ kan. Fífà tó le jù kì í mú omi pọ̀, ara tí ń ta kì í tú omi sílẹ̀. Bí ó ti ń fà, ẹ máa fọwọ́ ra ọmú láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí omi bá dá, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un kí ẹ tó pa á.

Èyí tí a ń kì sínú kọ́mú rọrùn gan-an fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú kò rí ibi tí orí ọmú wà nínú rẹ̀, fífà rẹ̀ sì sábà máa ń fúyẹ́. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè dà sára. Kó jẹ́ ìkejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 tí omi ti fìdí múlẹ̀.

Ẹ̀rọ dídára nìkan kò tó. Bí ọmú bá ti ṣófo tó ni ara ṣe ń pèsè òmíràn. Ẹ̀kọ gbígbóná, wàrà àti ẹja dára fún ìyá, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ tó lè rọ́pò ìgbà tí a kò fa ọmú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24 ni. Kí ọ̀kan nínú rẹ̀ bọ́ sí àárín aago 1 sí 5 òru, bí àkókò tí à ń jí fún sààrì, nítorí nǹkan inú ara tó ń pèsè omi ọmú máa ń pọ̀ sí i lóru. Ní ọjọ́ kìíní, ọmọ kò nílò ju nǹkan bí ṣíbí tíì kan lọ lẹ́ẹ̀kan, 5 sí 7 ml. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n bí pupa ẹyin yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, kí ẹnikẹ́ni má dà á nù. Nítorí pé ó kéré, yóò lẹ̀ mọ́ ara pọ́ǹpù tán. Ẹ fi ọwọ́ fún un tààrà sínú ṣíbí. Àtàǹpàkò wà lókè, ìka wà nísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sẹ́yìn orí ọmú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn síhà àyà, kí ẹ wá fún un pọ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá pé oṣù kan, nǹkan bí 750 ml lóòjọ́ ló sábà máa ń mu, kò sì ní pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di oṣù 6. Ẹni tó bá ń rí i kó má fi ara rẹ̀ wé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń mu fídà ńlá.

Títọ́jú omi ọmú tí a ti fà ló le jù nílùú tó gbóná bíi tiwa. Wákàtí 4 ni àwọn onímọ̀ ìlera fún un nínú yàrá tí kò gbóná ju 25°C lọ. Ní oṣù kẹta, yàrá Ìlọrin ń kọjá 30. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kó má ju wákàtí 2 lọ. Nínú fìríìjì, ọjọ́ 4. Nínú fírísà, oṣù 6. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn: fìríìjì yóò di tútù mú fún wákàtí 4, fírísà tó kún yóò di ọjọ́ 2, èyí tó kún dé ìdajì yóò di ọjọ́ 1. Omi ọmú tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀ ṣeé dá padà. Èyí tó bá yọ́ tán nínú fìríìjì, láàárín wákàtí 24 ni kí ọmọ mu ún. Nínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ ti yọ́ ọ, kì í ṣe lórí iná. Ọ̀rá tó léfòó sókè kò bàjẹ́, ẹ kàn rọra mì í pọ̀.

Fún ẹni tó ń ti Ọ̀fà tàbí Àjàṣẹ́ Ìpo wá ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, kúlà kékeré àti píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi tó. Yóò pa á mọ́ títí di wákàtí 24 bí yìnyín kò bá yọ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Oníná ọlọ́mú méjì yóò parí láàárín ìdajì wákàtí yẹn, tòun ti fífọ̀. Afọwọ́tẹ̀ kò lè parí.

Fífọ̀ pọ́ǹpù: abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe inú síǹkì, omi gbígbóná àti ọṣẹ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ọ̀pá rọ́bà àti ẹ́ńjìnnì kì í wọ omi.

Ife kékeré ni a fẹ́ràn ju fídà lọ fún fífún ọmọ, nítorí ọmú rọ́bà ní kọ̀rọ̀ tí ìdọ̀tí ń sá sí. Ẹ gbé ọmọ jókòó dáadáa, kí ẹ gbé etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu, yóò pá a lórí.

Mílíìkì ìkókó inú agolo wà fún ẹni tí omi ọmú rẹ̀ kò tó rárá tàbí tí dókítà ní kó má fún ọmọ lọ́mú, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Àmọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í ṣe aláìlábùkù: kòkòrò lè wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi omi tó hó, tí kò tíì ju ìdajì wákàtí lọ lórí ilẹ̀, pò ó, kó ṣì gbóná tó 70°C, kí ẹ tó mú un tutù fún ọmọ. Ẹ ka ara agolo. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ṣíbí kan tí a gé lórí sí 30 ml omi. Fífi omi là á kí agolo lè pẹ́ ni ó ń gbẹ ọmọ. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ẹ dà á nù.

Bí ẹ bá ti pinnu láti ra oníná, ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí rẹ̀ níwájú yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu àrọ, kí ẹ tàn án: ó gbọ́dọ̀ fà, kó tú u sílẹ̀, kó tún fà, kì í ṣe kó dì í mú láìtú. Ẹ yọ rọ́bà ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì béèrè méjì irú rẹ̀ sí i. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àpààrọ̀, ẹ dá pọ́ǹpù náà padà sórí káńtà.