Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti bá mi ṣe pátákó ní Mayfair

Mo fẹ́ ròyìn iṣẹ́ àwọn átíìsì kan tí wọ́n ń ṣe pátákó ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé pátákó síta.

Ẹlòmíràn ni ó ṣe pátákó tí mo kọ́kọ́ gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ó rì í mọ́ etí gọ́tà ní kọ́nà, ó tóbi, ó sì rẹwà, àfi ìgbà tí ọlọ́kadà kan sọ fún mi pé bí òun bá ń jáde bọ̀ láti àdúgbò, òun kì í rí mọ́tò títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ òun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí i pé kí n wú u. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí pé owó gidi ni mo ná.

Kí bàbá átíìsì ti Mayfair tó dárúkọ iye kankan, ó bá mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi tépù wọn iwájú rẹ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun na páálí kan sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ojú ẹni tó jókòó sínú mọ́tò dọ́gba. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wò ó." Ara ògiri lókè ilẹ̀kùn ni a wá kàn án mọ́, lẹ́tà funfun lórí búlúù dúdú, a sì lè kà á láti òdìkejì títì.

Ó tún là á yé mi pé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka àkóso pátákó ìpolówó ìta mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí ó ti ka ọjà àti gáréèjì mọ́ ọn, nítorí náà kò fọwọ́ kan irin títí mo fi gba ìwé àṣẹ. Èmi gbà pé ó yẹ kí ìjọba gba owó pátákó, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n fi ìtóbi rẹ̀ díwọ̀n owó náà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi ibi tó yẹ hàn wá, nítorí pé aránṣọ tí ojú oníbàárà kò tó kò lè rí owó kankan san. Ìyá olóògùn ẹ̀gbẹ́ mi kò ráhùn rí pé pátákó mi àtijọ́ bo tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo wú u ni mo rí i tí ó ń tún orúkọ tirẹ̀ kùn.

Owó wọn ga díẹ̀, àìsí iná sì fi ọjọ́ márùn-ún kún iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè lọ láàárọ̀, nítorí pé lọ́sàn-án bàbá náà a ti wà lórí àkàbà níbòmíràn.