Mo fi SENDDP àti RCVDP so kọntírólà ààbò Siemens méjì pọ̀, ohun tí mo rí nìyí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, tiyín ni mo bá wá. SENDDP ni blọ́ọ̀kù prógíráàmù tó ń fi iṣẹ́ ààbò ránṣẹ́ sí kọntírólà kejì, RCVDP ló ń gbà á lọ́hùn-ún. Láìnì tó ń rọ nǹkan mímu sínú ìgò lọ́dọ̀ wa ní kọntírólà ààbò S7-1500F tiẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń to páálí ní tiẹ̀ náà, àwọn tó kọ́ méjèèjì ò sì mọra wọn rí. Ohun tá a fẹ́ ò ju pé tẹ́nì kan bá tẹ bọ́tìnnì pupa lápá ibí kí rọ́bọ́ọ̀tì dúró lọ́hùn-ún, tẹ́nì kan bá sì ṣílẹ̀kùn kéèjì (àgò irin) tó yí rọ́bọ́ọ̀tì ká kí kọnféyọ̀ náà dúró. Wáyà àti rílè ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wáyà jáńtírẹrẹ, tí ẹyọ kan bá já a ó máa wá a kiri.

PN/PN coupler la fi sáàárín, ìyẹn àpótí tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì PROFINET méjì pọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí kálukú wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan àdírẹ́sì IP ẹnì kejì. Lápá tó ń ránṣẹ́ ẹ máa fún un ní bytes 12 tó ń jáde àti 6 tó ń wọlé, lápá tó ń gbà á ẹ yí i padà, kí àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀ wọlé-jáde sì jẹ́ ọ̀kan náà. RCVDP lẹ máa kọ́kọ́ pè nínú prógíráàmù ààbò, SENDDP ló máa kẹ́yìn. DP_DP_ID, nọ́ńbà tá a fi ń dá ìsopọ̀ mọ̀, gbọ́dọ̀ bára mu lápá méjèèjì, kó má sì jọ ti ìsopọ̀ mìíràn. Kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán nìyẹn o, síbẹ̀ ó dé SIL 3 (ìpele ààbò tó ga), torí SENDDP àti RCVDP, àwọn blọ́ọ̀kù aláwọ̀ yẹ́lò yẹn, fúnra wọn ló ń ṣọ́ àsìkò, tí wọ́n ń fi CRC (nọ́ńbà àyẹ̀wò tó ń tú àṣìṣe fó) yẹ iṣẹ́ tí wọ́n gbà wò.

Ibi tó wù mí jù ni pé tí ìsopọ̀ bá já, RCVDP ò ní dúró lórí ohun tó gbọ́ kẹ́yìn, ohun tẹ́ ẹ kọ sí SUBBO ló máa gbé jáde. Torí náà kí 1 jẹ́ "ó dáa", kí 0 jẹ́ "dúró", kẹ́ ẹ sì fi gbogbo SUBBO sí 0. Mo fa kébù yọ níbi tí rọ́bọ́ọ̀tì ti ń ṣiṣẹ́ lọ, SUBS_ON (àmì pé SUBBO ló ń jáde) di 1, rọ́bọ́ọ̀tì dúró wámú. Tí kébù bá padà náà kò ní dédé bẹ̀rẹ̀, ACK_REQ (àmì tó ń béèrè pé kéèyàn fọwọ́ sí i) á di 1, èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì tó wọ ACK_REI, ẹnu ọ̀nà ìfọwọ́sí náà.

Ọ̀rọ̀ iná wá wà ńbẹ̀. Tí NEPA bá mú un lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, swíṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú, ìsopọ̀ ti já, láìnì dúró, ariwo á sọ. Ọ̀gá kan ní kí n ṣe é kí ACK_REI máa tẹ ara ẹ̀, mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láé. Ẹni tó wọ kéèjì lásìkò tíná lọ láti he páálí tó já ńkọ́? Ẹni tó máa tẹ bọ́tìnnì yẹn gbọ́dọ̀ wà níbi tó ti lè fojú rí inú kéèjì. Swíṣì àti coupler ni mo gbé sórí UPS bíi ti CPU, ariwo rọlẹ̀.

TIMEOUT, ìyẹn iye àsìkò tí blọ́ọ̀kù á dúró dè kó tó ní ìsopọ̀ ti já, ẹ má kàn kọ èyí tó wù yín. Tó bá kéré jù, láìnì á máa dúró láìnídìí, tó bá pọ̀ jù, rọ́bọ́ọ̀tì á pẹ́ kó tó dúró, ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Siemens ní fáìlì Excel tó ń ṣírò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lò ó.

SENDDP kan ò gbé ju BOOL (bẹ́ẹ̀ni tàbí rárá) 16 àti INT (nọ́ńbà) 2 lọ. Fún tiwa ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Tí ẹ̀rọ yín bá pọ̀, ẹ wo Flexible F-Link, ọ̀nà Siemens mìíràn tó ń so kọntírólà ààbò pọ̀, ìyẹn ń gbé tó bytes 100, àmọ́ S7-1200F àti 1500F ló wà fún, tó bá jẹ́ S7-300F àtijọ́ lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, SENDDP náà ni.