Ìkìlọ̀: Ẹ má ra aago "Ultra" ọkùnrin yìí lọ mòòkùn o!

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń mòòkùn ní ìlú Ọba, àti ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ lo ìsinmi ní Òkun Pupa ní Íjíbítì, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó aago fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń ta aago káàkiri inú àwọn gúrúùpù WhatsApp àwa Yorùbá níbí. Ó ní Apple Watch Ultra ni, pé tuntun ni nínú páálí, pé £150 péré ni òun máa gbà. Ohun tó mú mi kọ èyí ni ohun tó ń kọ sábẹ́ àwòrán: pé aago náà ń ṣiṣẹ́ dive computer (ohun tó ń sọ fún amòòkùn bí omi ṣe jìn tó àti iye ìṣẹ́jú tó lè lò níbẹ̀) títí dé 100 mítà. Irọ́ gbuu ni, irọ́ tó sì lè gba ẹ̀mí èèyàn ni.

Àbúrò mi kan ra ọ̀kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìmòòkùn rẹ̀ ní Stoney Cove ní Leicestershire ni, Hurghada ní Òkun Pupa ló sì fẹ́ lọ. Ó gbé aago náà wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ká sòótọ́, ojú lásán ò lè dá a mọ̀: páálí rẹ̀ dán, bọ́tìnì aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi ti gidi. Àmọ́ nígbà tí a fẹ́ so ó mọ́ iPhone, áàpù Watch ò rí i rárá. Ìwé inú páálí ní ká lọ gba áàpù mìíràn tí kì í ṣe ti Apple. Mo wá tẹ ibi tó yẹ kó ti máa sọ bí omi ṣe jìn tó. Orí tábìlì ni aago wà, kò sí ẹ̀kán omi kan lára rẹ̀, ó kọ 12.4 m sójú. A gbé e lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́, a rì í dé ìsàlẹ̀ níbi tó jìn ní mítà 3, 12.4 m náà ló ṣì ń kọ. Àwòrán lásán ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó ń wọn omi.

Ẹni tí kì í mòòkùn lè sọ pé ṣebí aago lásán ni. Rárá o. Ní gbogbo mítà 10 tí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú òkun, omi ń fi odindi ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ ayé kan kún èyí tó ń tẹ̀ wá. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí láti inú sílíńdà á wá máa wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wa. Bí a bá ṣe jìn tó, tí a sì pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá pẹ́ jù, tó wá sáré gòkè, náítírójìn yẹn á di ìfófòó nínú ara rẹ̀. Oríkèé á máa ro ó, ẹsẹ̀ lè kú tipiri, àwọn mìíràn ò sì lè dìde rìn mọ́ títí wọ́n á fi gbé wọn wọ yàrá afẹ́fẹ́ alágbára tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Nínú tábìlì PADI, àjọ tó ń kọ́ èèyàn ní ìmòòkùn, ìṣẹ́jú 56 lèèyàn lè lò ní mítà 18 ní ìmòòkùn àkọ́kọ́. Ní mítà 30, 20 péré ni. Ẹ wá ro ti ẹni tó wà ní 30, tí aago ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé 18 ló wà.

Mi ò sọ pé smartwatch ò ṣeé mòòkùn o. Ultra gidi, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2022, tó jẹ́ £849 níbí nígbà náà, ní ohun tó ń wọn jíjìn omi, ó sì bá ìlànà EN 13319 mu, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún ohun tí wọ́n fi ń wọn jíjìn omi. Síbẹ̀, 40 mítà ni Apple fi òpin ìmòòkùn sí, wọn ò sọ pé 100. Áàpù Depth tó bá a wá ò sì ń ṣírò náítírójìn fún yín. Áàpù mìíràn, Oceanic+, ló ń ṣe é, ẹ sì máa san owó fún apá yẹn. Apple Watch yòókù tí wọ́n kọ 50 mítà sí ńkọ́? Ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n wà fún, Apple fúnra wọn ló kọ ọ́ pé kí á má fi wọ́n mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà.

Ọkùnrin yìí tún ní ọgbọ́n kejì. Ó máa ń ta Ultra gidi tó ti gbó, á ní òun ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, òun sì ti san owó Oceanic+ ọdún kan sí i. Aago tí wọ́n ti tú ìdí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ò mọ̀, ta ló wá mọ̀ bóyá ohun tó ń dí omi ṣì wà nípò rẹ̀? Owó áàpù náà sì rèé, orúkọ ẹni tó san án ló wà, kì í bá aago lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé aago náà ṣì wà lórúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, títì ló máa tì mọ́ yín lọ́wọ́.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó so aago náà mọ́ iPhone níṣojú yín. Ẹ lọ sí Settings, General, About, ẹ da nọ́ńbà ìdánimọ̀ (serial number) inú rẹ̀ kọ, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì Apple. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tó wà lára páálí, nítorí páálí ṣeé tẹ̀. Bó bá ní kí ẹ fi PayPal ránṣẹ́ bí owó ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ẹ kọ̀ ọ́, torí ààbò tí PayPal ń fún oníbàárà ò kan irú owó bẹ́ẹ̀.

Bí owó ò bá tíì tó ra gidi, ẹ lọ yá dive computer lọ́wọ́ àwọn tó máa mú yín mòòkùn. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ní i ní Hurghada. Garmin Descent àti Suunto Ocean náà jẹ́ aago tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí, àmọ́ ẹ rà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó máa fún yín ní rìsíìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ẹ má fi wọ omi o, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ jọ kọ síra yín, kí ẹ sì pe báńkì yín lónìí. Àbúrò mi ti pe tirẹ̀. Ọkùnrin náà ti yí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ padà, àmọ́ àwòrán aago lórí aṣọ ìnura aláwọ̀ ewé kan náà ló ṣì ń lò. Bí ẹ bá rí i nínú gúrúùpù yín, ẹ sọ fún alábòójútó ibẹ̀ kó yọ ọ́.