Ínhélà búlúù, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin

Ọdún mẹ́rin ni èmi àti agolo búlúù yìí ti jọ ń gbé ní Àkúrẹ́, mo sì rí i pé ìwé pélébé inú páálí rẹ̀ kò sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀. Salbutamol ni oògùn inú rẹ̀. Fífà 200 ló wà nínú agolo kan. Akọ̀wé ni mí níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ẹni tó bá ti dé irú ibẹ̀ nígbà ọyẹ́ á mọ ohun tí lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń fojú ẹni tó ní ikọ́ fée rí.

Kí n kọ́kọ́ yìn ín. Kíá ló ń ṣiṣẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àyà tó ti fún pinpin á tú, ó sì lè gbé mi fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n díẹ̀, àyà mi á máa lù kìkì, mo fara mọ́ ìyẹn. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé èyí tí mò ń rà kò ní òǹkà lẹ́yìn. Mi ò lè mọ iye tó kù. Àwọn kan ní kí n jù ú sínú omi kí n wò ó bóyá á léfòó, irọ́ ni, ẹ má dán an wò. Báírò ni mo fi ń fa igi sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, fífà kan, igi kan.

Igi yẹn ló tú àṣírí mi. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ó di mẹ́wàá lójúmọ́, agolo kan kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yá, fífà méjì kò ràn mí mọ́. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo bá gba kẹ́mísì lọ, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ bayokẹ́míísìrì ní FUTA ló là mí lójú, níbi tá a ti ń jẹ iyán nínú bùkà kan. (Iyán wọn kúnná, ẹran wọn ló kéré.) Ó ní, "Àǹtí, oògùn yín kì í ṣe ayédèrú. Àwo ló tán nílẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé ojú awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká ní àwọn ohun tó ń gba oògùn náà, risẹ́pítọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ni àwo. Bí salbutamol bá bọ́ sínú àwo, iṣan á dẹ̀, èémí á ráyè kọjá. Ṣùgbọ́n ìyá oníyán kì í fi àwo tí wọ́n ti jẹun tán sílẹ̀ níwájú oníbàárà. Sẹ́ẹ̀lì á fi fọ́sífétì sàmì sí i lára, púrótéènì kan tó ń jẹ́ arrestin á lẹ̀ mọ́ ọn kó má lè jíṣẹ́ mọ́. Púrótéènì mìíràn, clathrin, á hun ara rẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀ sábẹ́ awọ, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú, òmíràn tó ń jẹ́ dynamin á fún un lọ́rùn títí á fi já, àwo á di ti inú ilé. Nínú endosome, yàrá kan tó kan díẹ̀ bí omi ògì, wọ́n á yọ oògùn kúrò, wọ́n á pa àmì rẹ́, wọ́n á tún gbé e síta.

"Bí èrò bá wá ya bo bùkà láti àárọ̀ dalẹ́ ńkọ́?" Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin tó ń fọ àwo lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àwo á há sínú ilé. Sẹ́ẹ̀lì á kó àwọn kan lọ sí lysosome, ibi tí wọ́n ti ń rún wọn wómúwómú. Títí á fi mọ tuntun, kí oníbàárà máa retí. Iṣẹ́ lórí ìdílé risẹ́pítọ̀ yìí gan-an ni Robert Lefkowitz àti Brian Kobilka gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́míísìrì fún ní 2012.

Mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ó ní ọ̀nà èémí tó wú nínú ni kò jẹ́ kí n gbádùn, pé búlúù kì í wo ìyẹn, àti pé láti 2019 ni GINA, àjọ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ikọ́ fée, ti ní kí wọ́n má fi búlúù nìkan tọ́jú ikọ́ fée mọ́. Ó fún mi ní ínhélà aláwọ̀ kòkó, steroid ni, oògùn tó ń mú wíwú náà rọlẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ó tún máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì mọ àwo kún àwo. Kò yá bíi búlúù rárá, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ jù ú nù. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí funfun má baà hù sí i yín lẹ́nu. Ẹ ra spacer náà, ike gbọọrọ tí wọ́n ń kì bọ ẹnu agolo. Láìsí i, ọ̀fun ni púpọ̀ nínú oògùn ń lẹ̀ sí.

Bí ikọ́ fée bá dé sí i yín lóru, ẹ fa búlúù o, ẹ má jókòó ka àwo. Bí kò bá sì tú, ilé ìwòsàn ni.

Igi mẹ́ta ló wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo fún búlúù ní 4 nínú 5, nítorí òǹkà tí kò ní. Mo ti padà lọ bẹ oníkẹ́mísì yẹn. Ó ní òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n kò yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó ọjà rẹ̀.