Búkà tí mo yà sí l'Ákànràn

Bí ẹ bá gba Ọlọ́runṣògo n'Ìbàdàn lọ sí Àkànràn, búkà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí kò ní pátákó orúkọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń lọ kó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ebi ló mú mi yà.

Àmàlà wọn dúdú, ó ń dán, kò ní kókó rárá. Gbẹ̀gìrì ni wọ́n fi ṣeré, ó ṣàn bí omi. Àmọ́ òkété yíyan tí wọ́n fi se ọbẹ̀ ata yẹn! Mo rún eegun rẹ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ náírà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ mú owó dání o. Tiransifà tèmi ń yí fún bí ogójì ìṣẹ́jú, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ibi tí mo ti ń dúró ni bàbá tó ń sá kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ búkà ti bá mi dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n nígbà ogun Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà lórí owó orí, 1968 sí 1969. Iye tó bá wu bọ́ọ̀dù ìjọba ni wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó orí sì ń ga sí i, wolé-wolé náà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bàbá ní iṣẹ́ tòun ni kí òun dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, bí òun bá rí agbowó-orí, kí òun súfèé. Bàbá wọn á ti kó sábẹ́ àpò kòkó. Wọ́n súfèé náà fún mi, ajá búkà dìde.

“Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ní a ó san lówó orí,” ni wọ́n wí. Mo bi wọ́n pé èló nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè 5, kí n ṣírò rẹ̀ fúnra mi. Ṣílè 30! Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ wá bá Tàfá Adéoyè, olórí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, sọ̀rọ̀ l'Ákànràn níbí ni ìjà náà tó rọlẹ̀, owó orí £2 ni wọ́n sì fẹnu kò sí.

Mo dìde, mo ní kí n tún fóònù wò níta.

“Ìyàwó, ṣé owó ti wọlé?”

“Ó ṣì ń yí, bàbá.”

“Jókòó jàre. Mi ò tíì sọ bí wọ́n ṣe já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi.”